Bí ẹ ṣe lè fi báínókúlà rí àgbọ̀nrín nínú igbó, bí àgbà ọdẹ ṣe fi yé wa

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Àbújá ló ti lọ Yankari rí, igbó ẹranko ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi, wọ́n wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Wikki tó wà níbẹ̀ dáadáa, àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá padà sílé láì rí ìrù ẹran kan. Wọ́n á ní kò sẹ́ran níbẹ̀ mọ́. Ẹran wà níbẹ̀ o, ojú la ò mọ bí wọ́n ṣe ń là sílẹ̀. Báínókúlà tí wọ́n gbé kọ́rùn yẹn náà, fótò ni wọ́n kàn fi yà, wọn ò fi wo nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, ọ̀dọ̀ bàbá ọdẹ kan ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé lápá Kwali, wọ́n ti gbé ìbọn sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí àmọ́ ojú wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn ò ní yé tún sọ: èèyàn kì í wá ẹran nínú igbó, ara ẹran lèèyàn ń wá, etí, ìdí ìrù, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ìlà ẹ̀yìn. Gbogbo ẹran á yọjú tó bá yá.

Kí n sì tètè sọ ọ́, wíwò là ń sọ níbí, a ò sọ ti pípa. Yankari ti wà lábẹ́ òfin láti 1956, wọ́n ṣí i fún aráàlú ní 1962, ó di national park ní 1991, láti 2006 ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti àwọn réńjà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibi tẹ́ ẹ máa lọ

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, Yankari náà ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ. Igbó yẹn tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,244, èèyàn lè rò pé báwo la ṣe fẹ́ rí ẹran nínú irú ibi tó fẹ̀ tó yẹn, àmọ́ odò Gaji gba inú ẹ̀ kọjá, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti mú tí àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ inú igbó ti gbẹ, etí odò yẹn ni ẹran máa ń sún mọ́. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin. Ewé ti já, koríko ti gbẹ, ojú ń ríran jìnnà. Lásìkò òjò koríko ga ju èèyàn lọ, kò sí báínókúlà tó lè ríran kọjá ẹ̀, iye yòówù kẹ́ ẹ rà á.

Ibi tí wọ́n bá ti sun igbó, ẹ fojú sí i dáadáa. Tó bá ti ṣe díẹ̀ tí iná kú, koríko tútù á máa yọ lórí eérú, ẹran fẹ́ràn ẹ̀ gan, ilẹ̀ sì ti dúdú débi pé ẹran tó pupa lára á hàn lórí ẹ̀ kedere. Tí Bàbá bá dé páàkì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi àwọn réńjà ni pé níbo ni iná gbà lọ́dún yìí.

Igbó tó yí Àbújá ká ńkọ́? Lápá Kwali, Abaji, Kuje, ẹtu ṣì wà létí oko, àgbọ̀nrín náà ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí igbó bá dí létí odò. Àmọ́ ẹ má dá wọ ibẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe eré lápá ibí. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí sarki abúlé yẹn, ẹ jẹ́ kí ọdẹ tí wọ́n mọ̀ dáadáa níbẹ̀ ṣáájú yín, ilẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣú bá yín nínú igbó. Ní ti Kainji, ẹran pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ Borgu, àmọ́ pẹ̀lú bí àwọn agbébọn ṣe ń dààmú agbègbè yẹn, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gba ibẹ̀ lọ. Yankari gan-an, ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó gba ibẹ̀ láìpẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kejì: báínókúlà tẹ́ ẹ máa rà

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára ẹ̀, bíi 8x42. Èyí àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ yín: ẹran tó wà ní 80 mítà á dà bíi pé ó wà ní 10 mítà. Èkejì ni ìbú lẹ́ǹsì iwájú, 42 mìlímítà. Ẹ fi nọ́ńbà kékeré pín ńlá, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 5 mìlímítà, ìyẹn ni bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wọ ẹyinjú yín ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó kéré tó ń wọ àpò, 10x25 yẹn, 2.5 péré ni tiẹ̀. Lọ́sàn-án gangan ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ ọ̀sán gangan kọ́ ni àgbọ̀nrín ń jáde, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni, ìgbà yẹn gan-an ni 10x25 á ṣókùnkùn mọ́ yín lójú.

8x42 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 10x42 náà dáa, àmọ́ bó ṣe ń fa ẹran sún mọ́ náà ló ń mú kí gbígbọ̀n ọwọ́ yín hàn sí i, ibi tó ń fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan náà sì kéré sí i. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n kọ 100x sí lára tí wọ́n ní ó lè sún un bó ṣe wù yín. Ẹni tó ń tà á náà ò lè fi ka pátákó tó wà ní òdìkejì títì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jáde síta ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi wo lẹ́tà tó wà lára pátákó kan tó jìnnà. Tí lẹ́tà bá di méjì, ẹ dá a padà. Tí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a padà, ojú rẹ̀ méjèèjì ò wo ọ̀gangan kan náà nìyẹn. Tókúnbọ̀ dáa o, ọ̀pọ̀ ìgbà ló dáa ju tuntun tí ò lórúkọ lọ, ẹ ṣáà gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú lẹ́ǹsì bóyá ebu ti mú un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bá a mu pẹ̀lú ojú yín

Èèyàn pọ̀ tó ń lo báínókúlà fún ọdún mélòó kan tí ò ṣe èyí rí, tí wọ́n á sì máa ní ó ń ṣe bàìbàì.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ àárín rẹ̀ wọlé tàbí kẹ́ ẹ ṣí i síta títí tí roboto méjì tẹ́ ẹ ń rí á fi di ẹyọ kan. Róbà tó yí ibi tẹ́ ẹ ń gbójú lé ká, tẹ́ ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, tí ẹ ò bá lò ó, ẹ yí i sókè. Ó kan ibi tó ṣe pàtàkì: ẹ wá nǹkan kan tó jìnnà tó dúró sójú kan, nọ́ńbà ilé tàbí lẹ́tà pátákó. Ẹ fi ọwọ́ bo lẹ́ǹsì ọ̀tún níwájú, kẹ́ ẹ má pajú dé o, ẹ kàn fi ọwọ́ bò ó, kẹ́ ẹ wá yí wíìlì àárín títí tí ojú òsì á fi ríran kedere. Ó parí. Ẹ ṣí ọ̀tún, ẹ bo òsì, ẹ má fọwọ́ kan wíìlì àárín mọ́, òrùka kékeré tó wà lára ojú ọ̀tún, níbi tẹ́ ẹ ń gbójú lé, ni kẹ́ ẹ yí báyìí títí tóun náà á fi mọ́lẹ̀. Ẹ wo àmì tó wà lára òrùka yẹn kẹ́ ẹ rántí ẹ̀, torí tí ẹnì kan bá yá a lọ́wọ́ yín á yí i kúrò. Láti ìgbà yẹn lọ, wíìlì àárín nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn.

Òun náà ló fà á tí kò fi yẹ kí èèyàn mẹ́ta máa gba báínókúlà kan lọ́wọ́ ara wọn. Kí ẹni kejì tó rójú rẹ̀ tò, ẹran ti lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi dánra wò nígboro

Kì í ṣe inú igbó lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e sójú. Ẹ lọ sí Jabi Lake láàárọ̀, ẹ wo ẹyẹ. Tàbí kẹ́ ẹ lọ síbi tí àwọn Fúlàní ti ń da màlúù létí ìlú, kẹ́ ẹ wá lékeléke tó ń tẹ̀ lé wọn. Ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ ni pé kí ojú yín má kúrò lára nǹkan náà: ẹ tẹjú mọ́ lékeléke kan, ẹ má ṣẹ́jú, ẹ má wolẹ̀, ọwọ́ nìkan ni kó máa gbé báínókúlà bọ̀ wá bá ojú. Ẹni tó bá wo ọwọ́ ara ẹ̀ lásìkò tó ń gbé e sókè ti sọ ẹyẹ nù. Ẹ máa ṣe é títí tó fi máa jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe gbé e dójú, ẹyẹ yẹn náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹtu kì í dúró de ẹni tó ń wá a kiri nínú lẹ́ǹsì.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibi gbogbo l'Ábújá lèèyàn ti ń gbé báínókúlà sójú. Ẹ̀gbẹ́ bárékè, ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọba, pápákọ̀ òfurufú, ẹ má dán an wò. Kó o tó ṣàlàyé pé lékeléke lo ń wò, wọ́n á ti ní kó o dọ̀bálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: aṣọ, àsìkò, atẹ́gùn

Aṣọ tó bá àwọ̀ koríko gbígbẹ mu ni kẹ́ ẹ wọ̀, bíi ràkúnmí, bíi ewé tó ti ṣá. Ẹ má wọ funfun. Ẹ má wọ búlúù tàbí dúdú náà, torí àwọ̀ méjì yẹn ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn, wọ́n sì wà ní Yankari, bí wọ́n ṣe ń jẹni ò dáa rárá. Aṣọ kàmó bíi ti sójà tẹ́ ẹ máa ń rí lára àwọn ọdẹ òyìnbó nínú fídíò, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Òfin ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe sójà wọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà, ibi tí sójà bá ti dá mọ́tò yín dúró lójú ọ̀nà Jos lẹ máa mọ̀.

Àsìkò: kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àti láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí oòrùn bá ti mú, ẹran á lọ dùbúlẹ̀ níbòòji, ooru á sì máa jó lórí ilẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń wò nínú lẹ́ǹsì á máa mì. Ìgbà yẹn la máa ń lọ wẹ̀ ní Wikki, omi ibẹ̀ kì í tutù kì í gbóná jù, bí 31 dígírì Celsius ló máa ń wà tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Nǹkan méjì lẹ fẹ́: kí oòrùn wà lẹ́yìn yín kó lè tànmọ́lẹ̀ sára ẹran, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá yín kó má baà gbọ́ òórùn yín. Lásìkò ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti máa ń fẹ́. Láàárọ̀ oòrùn náà ti apá ìlà-oòrùn yọ, tẹ́ ẹ bá wá gbé ẹ̀yìn sí oòrùn tààrà, atẹ́gùn á gbé òórùn yín lọ bá ẹran. Bàbá máa ń kọjú sí àríwá ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀: oòrùn wà lẹ́yìn wọn, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá, kò dé ọ̀dọ̀ ẹran. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, oòrùn ti lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí yín lójú, oòrùn á wà lẹ́yìn, méjèèjì á bára wọn mu. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ ju àárọ̀ ẹ̀ lọ, èmi náà sì ti gbà pẹ̀lú wọn. Tí ẹ ò bá mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ẹ da pàúdà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ.

Nínú mọ́tò páàkì, ọ̀rọ̀ òórùn ò le tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò ti mọ́ ẹran lára. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn pẹ̀lú réńjà, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n ṣe ń wò ó gan-an

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bọ́mọdé gun orí igi kò lè rí i. Tó bá dọ̀rọ̀ báínókúlà, kì í ṣe òwe mọ́, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ jókòó. Ẹ fi ẹ̀yìn ti igi, ẹ ká eékún sókè, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé e. Tó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ wà, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin ẹ̀gbẹ́, ẹ ní kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á dé ojú lẹ́ǹsì. Réńjà ibẹ̀, Hausa ni wọ́n ń sọ jù, tẹ́ ẹ bá ti lè sọ "tsaya" fún dúró àti "a hankali" fún díẹ̀díẹ̀, ó ti tó.

Ẹ má tíì gbé báínókúlà. Fojú lásán wò ná. Ojú lásán ń rí gbogbo pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ohunkóhun tó bá mira á fà á mọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé báínókúlà ń fi ibì kékeré kan hàn yín, gbogbo ìyókù pápá ti pa mọ́. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lẹ máa fi wo etí igbó, ibi tí koríko ti pàdé igi, ibi tí òjìji ti pàdé oòrùn. Ibẹ̀ ni ẹran máa ń dúró sí, kì í dúró sáàárín gbangba.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sójú kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti tòsí. Àwa máa ń kánjú wo ọ̀ọ́kán, nígbà tí ẹtu wà ní ogún mítà sí wa tó ń wò wá. Tòsí ná, lẹ́yìn náà àárín, lẹ́yìn náà ọ̀nà jíjìn. Ẹ fi nǹkan tó dúró pín in: láti ìdí igi oṣè yẹn dé òkìtì ọ̀gán, láti òkìtì ọ̀gán dé ibi tí odò ti yà. Tẹ́ ẹ bá gbé báínókúlà síbì kan, ẹ dá a dúró, kí ojú máa rìn kiri nínú roboto yẹn, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́. Tó bá tó, ẹ sún un díẹ̀ kí apá kan ibi tẹ́ ẹ ti wò ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ tún dá a dúró. Tí báínókúlà bá ń rìn, ojú ò ríran. Àwọn tó ń gbé e fìrì láti ọ̀tún sósì, láti òsì sọ́tùn-ún, koríko nìkan ni wọ́n máa rí.

Bàbá ní láti apá ọ̀tún lọ sí òsì ni ká máa wò ó. Ìwé tá a máa ń kà láti òsì ti mọ́ ojú lára, á fẹ́ sáré, tẹ́ ẹ bá yí i padà kò ní lè sáré. Ẹ̀gbọ́n kan tó lọ ilé kéwú dáadáa ní ti òun á wá jẹ́ òdìkejì nìyẹn, Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kóun náà ṣáà ṣe òdìkejì èyí tó mọ́ ọn lára.

Kí wá lẹ ń wá? Igi dúró lóòró, ẹ̀yìn ẹran wà ní ìbú. Ìlà èyíkéyìí tó bá dá ìbú láàárín àwọn igi tó dúró, ẹ dúró lórí ẹ̀. Imú dúdú tó ń dán. Funfun abẹ́ ìrù. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó tín-ín-rín lábẹ́ ewé níbi tí igi ò ti yẹ kó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Etí ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹran lè dá gbogbo ara dúró ṣùgbọ́n eṣinṣin ò ní jẹ́ kó dá etí dúró.

Létí Gaji, ní ìrọ̀lẹ́ kan, Bàbá na ọ̀pá sí abẹ́ igi àjàgbọn méjì kan, wọ́n ní kí n wò ó. Mo wo ibẹ̀ títí, koríko gbígbẹ ni, àti òjìji. Wọ́n ní, "Má wo igi yẹn. Wo àárín ẹ̀. Kí ló ń lé eṣinṣin níbẹ̀?" Ni mo bá yí wíìlì díẹ̀ báyìí, koríko iwájú parẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo wá rí ewé kan tó ń jù fìrì, tó dúró, tó tún jù fìrì, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí atẹ́gùn. Etí ni. Láti ara etí mo rí ojú, láti ara ojú mo rí ìlà funfun ọrùn, láàárín ìṣẹ́jú kan odindi abo àgbọ̀nrín ló dùbúlẹ̀ síwájú mi, àwọn àmì funfun ara ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú bí oòrùn ṣe ń gba àárín ewé kọjá sórí ilẹ̀.

Ẹ mú yíyí wíìlì yẹn ní pàtàkì. Igbó tó ṣe bí ògiri lójú yín kì í ṣe ògiri. Tẹ́ ẹ bá ń yí wíìlì díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí i tí ewé iwájú á di èéfín, tí ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e á yọ, tóun náà á di èéfín, ẹ máa wọ inú igbó lọ bẹ́ẹ̀ láì kúrò lórí ìjókòó.

Ẹ máa rí ayédèrú ẹran púpọ̀. Kùkùté igi tí iná jó, òkìtì ọ̀gán, ìtì igi tó ṣubú. Ẹ má bá a jà, ẹ rántí ibi tó wà, kẹ́ ẹ padà wò ó tó bá yá. Èyí tó bá ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe kùkùté. Ibi tẹ́ ẹ sì ti wò tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ tún un wò, torí ẹran tó dùbúlẹ̀ máa dìde.

Ìgbésẹ̀ keje: kí lẹ rí?

Àwọn ẹran oníwo bí ẹ̀ka igi tó ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú fídíò òyìnbó, ẹ má wá irú ìwo bẹ́ẹ̀. Ìwo tàwọn tibí kì í yà, kì í sì í wó lọ́dọọdún.

Àgbọ̀nrín, tí Hausa ń pè ní mazo, máa ń dá wà tàbí kó jẹ́ méjì, nínú igbó tó dí nítòsí omi. Akọ ṣú, abo pupa, àmì funfun wà lára àwọn méjèèjì, akọ nìkan ló níwo, ìwo náà lọ́ díẹ̀ tó sì dúró gangan. Tí ẹ̀rù bá bà á, á gbó bí ajá. Ẹtu, tí Hausa ń pè ní gada, kéré, á tẹrí ba, á wọ igbó wúyẹ́. Kanki, orúkọ tí Hausa ń pe hartebeest, gùn lójú gan, èjìká ẹ̀ ga ju ìdí lọ, tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀yìn tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, òun ni. Gwanki, tí òyìnbó ń pè ní roan antelope, tóbi bí ẹṣin, ojú ẹ̀ dúdú ó sì funfun, ìwo ẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, takọ tabo wọn ló ní i, ti kanki náà bẹ́ẹ̀. Waterbuck, irun ara ẹ̀ gùn, funfun wà nídìí ẹ̀, kì í jìnnà sómi, akọ nìkan ló níwo.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: tẹ́ ẹ bá ti rí i

Ẹ má pariwo, ẹ má nàka fìrì. Ẹ má gbé báínókúlà kúrò lójú náà, torí tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò ẹ lè má rí i mọ́. Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, láti ara nǹkan ńlá wá sára kékeré: "Igi oṣè, wá sápá òsì ẹ̀, òkìtì ọ̀gán, lókè ẹ̀ díẹ̀, láàárín koríko pupa." Àwọn tó ń sọ pé "òun nìyẹn, ọ̀hún yẹn, ṣé o ò rí i ni", wọn ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tó bá gbé orí sókè tó ń wò yín, ẹ dúró gbári, ẹ má sọ̀rọ̀ títí tó fi padà sídìí koríko. Tó bá ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ tàbí tó gbó, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ fi í sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ ọ lọ́wọ́ àgbà ọdẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láǹfààní àgbà ọdẹ nítòsí, ẹ má lọ ní kí wọ́n kọ́ yín ní wákàtí kan. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ mú obì dání tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀tàn tiwọn, torí inú ìtàn yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Tẹ́ ẹ bá jọ wọ igbó, ẹ jókòó sẹ́yìn wọn díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ wọn, kẹ́ ẹ lè máa rí ibi tí orí wọn ń yí sí. Àgbà ọdẹ kì í sọ gbogbo ohun tó ń ṣe, ara ló ti mọ́ ọn. Ìbéèrè "kí lẹ rí?" ò wúlò tó "kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ wo ibẹ̀?" Èyí kejì yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n sọ ti eṣinṣin, ti ẹyẹ tó fò lójijì, ti koríko tó tẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ò fẹ́ sí.

Bàbá ò lo báínókúlà nígbà tí wọ́n ń ṣọdẹ, àgbà ni wọ́n dà kí ẹnì kan tó fún wọn ní ọ̀kan, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi tiyín lọ̀ wọ́n, ẹ rántí òrùka ojú ọ̀tún yẹn kẹ́ ẹ bá wọn yí i sí tiwọn, ojú àgbà àti tiyín ò lè dọ́gba. Ẹ má fi rírí ṣe ìdíje pẹ̀lú wọn.

Ìtọ́jú ẹ̀: eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá lẹ́ǹsì lápá òkè ọ̀hún. Ẹ má fi etí aṣọ nù ún, eruku yẹn á ha á. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ kúrò tàbí kẹ́ ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá a, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ bo lẹ́ǹsì tí mọ́tò bá ń rìn lọ́nà tí ò lọ́dà. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò tí oòrùn Àbújá ń pa, góòmù inú ẹ̀ á yọ́, ojú méjèèjì ò ní wo ọ̀gangan kan náà mọ́.